Ìyá Kàúsárà Tó Ń Gbẹ́ Ìgbàyà fún Gìtá

Bí ẹ bá dé Fante New Town ní Kùmásì, tí ẹ béèrè ẹni tó ń fi igi tún ara gìtá ṣe, ẹ má retí pé wọn yóò mú yín lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin onírùngbọ̀n kan. Obìnrin ni. Ràyhànátù lorúkọ rẹ̀, ọmọ Alfa Sùlèímọ̀n ará Ìlọrin, ẹni àádọ́ta ọdún ó lé díẹ̀. Àwọn Yorùbá ń pè é ní Ìyá Kàúsárà, nítorí ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo tó ti wà nílé ọkọ ní Accra. Àwọn Àṣáńtì ń pè é ní Hajia, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú tó ń lọ Mẹ́kà kò tíì gbé e rí. Ó ti ṣàlàyé títí ó ti sú u. Ó ní ó lè jẹ́ pé àdúrà ni wọ́n ń gbà fún òun, òun ò sì ní bá ẹni tó ń gbàdúrà fún òun jà.

Ẹni tí kò mọ gìtá lè bi wá pé kí ni igi tún ń wá lára ohun tó jẹ́ igi tẹ́lẹ̀. Ìbéèrè gidi ni. Lára gìtá oníná, lábẹ́ okùn níbi tí ọwọ́ ti ń ta á, awẹ́ pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi súkúrúù dè mọ́ ọn. Òun ló ń jẹ ìyà èékánná, kí ara gìtá má baà họ. Ìyá Kàúsárà ń pè é ní ìgbàyà, orúkọ náà sì ti mọ́ gbogbo ẹni tó ń bá a ṣòwò lẹ́nu. Ike ni wọ́n fi ń ṣe é níbi tí wọ́n ti ń ṣe gìtá. Ike ọ̀hún, bó bá lo ogójì ọdún nínú ooru Kùmásì, a máa ká kò, a sì máa sán. Kò sì sí ibi tí ẹ ti lè rí irú rẹ̀ rà, nítorí ilé iṣẹ́ tó ṣe gìtá náà ti kógbá wọlé tipẹ́.

Iṣẹ́ wàláà ni Ràyhànátù bá nílé. Wàláà ni pátákó tí ọmọ ilé kéwú fi ń kọ́ Àlùkùránì. Wọn á fi tàdáà kọ ọ̀rọ̀ sí i, ọmọ á kà á títí yóò fi mọ̀ ọ́n lórí, wọn á wá fọ̀ ọ́, wọn á kọ òmíràn. Alfa Sùlèímọ̀n ló ń gbẹ́ ẹ fún ọ̀pọ̀ ilé kéwú láti Sawaba dé Dichemso. Nígbà tí ìjọba Gánà lé àwọn àlejò lọ́dún 1969, ó di ẹrù rẹ̀, ó padà sí Ìlọrin, ó lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀, ó sì rí i pé kò sí ìgboro tí kò ní agbẹ́wàláà tirẹ̀. Ló bá tún di ẹrù, ó padà sí Kùmásì níbi tí wọ́n ti mọ iyì rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ló bí, obìnrin ni gbogbo wọn. Àwọn ènìyàn ń bá a kẹ́dùn pé kò rí ẹni tí yóò gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Alfa kì í dá wọn lóhùn, nítorí ó ti rí i pé ẹ̀kẹta nínú wọn kì í kúrò nídìí igi.

Ẹ̀kọ́ kan wà tó fi kọ́ ọmọ náà ju gbogbo ìyókù lọ. Ó ní, "Wàláà tó bá ní kòtò, ì báà kéré bí orí abẹ́rẹ́, tàdáà àná yóò dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ àná yóò máa da tòní rú. Má fi kòtò kankan sílẹ̀." Ewé eépín ni wọ́n fi ń dán igi, ewé tó rí họ́rọ́họ́rọ́ bí ahọ́n ológbò, nítorí Alfa kò fọkàn tán sáńpépà. Ràyhànátù yóò fi ewé pa igi títí apá yóò fi máa ro ó. Bàbá rẹ̀ yóò wá dijú, yóò fi àtàǹpàkò wọ́ igi náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí àtàǹpàkò bá dúró níbì kan, iṣẹ́ di àtúnṣe nìyẹn. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí àtàǹpàkò Alfa kọ́kọ́ rìn já láìdúró. Títí di òní, bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń ròyìn ọjọ́ ìgbéyàwó wọn lòun ń ròyìn ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ gìtá dé nígbà tí Ọláolúwakìtán gba ṣọ́ọ̀bù tó fara ti tirẹ̀. Ọmọ Ìbàdàn ni, kò tíì pẹ́ tó dé Kùmásì, gìtá ló ń tún ṣe, ó sì ń ta á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó gbé gìtá kan tí wọ́n ṣe ní Jàpáánù wá lọ́jọ́ kan, ìgbàyà rẹ̀ ti fọ́ sí mẹ́ta. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé igi lè fẹ́lẹ́ tó báyìí kó má sán?" Ìyá Kàúsárà wo ike náà, ó wo ọmọkùnrin náà, ó ní, "Igi wo?" Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá kàn pè é ní igi kò tíì béèrè nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n kó tó fọwọ́ kan ayùn, ó kọ́kọ́ lọ bi àbúrò bàbá rẹ̀, Alfa Hàbíbùlláhì, bóyá kò burú kí ọmọ agbẹ́wàláà máa gbẹ́ nǹkan fún eléré. Alfa fọwọ́ ra irùngbọ̀n. Ó ní, "Káfíńtà tó kan ilẹ̀kùn kò mọ ẹni tí yóò gba ibẹ̀ wọlé. Àmọ́ má lo igi tí o bá ti yà sọ́tọ̀ fún wàláà." Láti ọjọ́ náà ni igi ti di òkìtì méjì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, èyí tó wà lápá ọ̀tún fún ilé kéwú, èyí tó wà lápá òsì fún gìtá, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ dà wọ́n pọ̀.

Lọ́jọ́ kẹta, ó gbé ìgbàyà kan lé Kìtán lọ́wọ́, igi ọ̀gánwó tó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Kìtán, bí wọ́n ṣe ń gé orúkọ rẹ̀ kúrú nìyẹn, yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó sì dè é mọ́ gìtá náà. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbé gìtá àtijọ́ wá láti Takoradi, láti Tamale, kódà láti Abidjan. Kì í sì fi ọgbọ́n rẹ̀ pamọ́, ojúkorojú ló ń ṣe é. Yóò la igi sí awẹ́ mẹ́ta tó fẹ́lẹ́, yóò lẹ̀ wọ́n mọ́ra, ti àárín yóò dábùú àwọn méjì yòókù. Ó ní bí ilé olórogún tó tòrò ni: nígbà tí èyí bá fẹ́ bínú lọ síbí, ìkejì á dì í mú. Kò sí ọ̀kan nínú ìgbàyà rẹ̀ tó tíì sán. Kò sì sí èyí tó jọra, nítorí kò sí gìtá méjì tí ihò súkúrúù wọn bára mu lẹ́yìn ogójì ọdún.

Obìnrin tó ní irú ọwọ́ yìí ló ṣe àṣìṣe tí mo fẹ́ ròyìn. Mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé nítorí ọwọ́ náà mọṣẹ́ ló fi ṣe é. Ọ̀lẹ kò lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ Tuesday kan, Anita wá sí ṣọ́ọ̀bù. Tíṣà ni, ní Dichemso ló ń gbé pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Ó fi kúbùsù wé gìtá kan bí ẹni pọn ọmọ. Twi ni wọ́n jọ sọ, nítorí Twi Ìyá Kàúsárà já gaara ju Yorùbá rẹ̀ lọ. Àfi bí inú bá ń bí i nìkan ni Yorùbá ń ṣíwájú.

Anita ní, "Hajia, mepa wo kyɛw, ẹ jọ̀ọ́, Agya mi, bàbá mi, ló ni ín." Ó sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́. Bàbá rẹ̀ ni Kwabena Bediako, tí wọ́n ń pè ní Ọ̀pányìn, bí Àṣáńtì ṣe ń pe àgbà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, tó ti ta gìtá kiri gbogbo ilẹ̀ Àṣáńtì láti ìgbà èwe rẹ̀. Ojú rẹ̀ fọ́ ní ọdún méjìlá sẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò fi gìtá sílẹ̀. Ìyàwó rẹ̀, Akosua Nyarko, ìyá Anita, kú lọ́dún tó kọjá. Ní Saturday ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ọdún kan yóò pé, wọn yóò sì ṣe ìrántí rẹ̀ lójú gbogbo ẹbí. Ọ̀pányìn ní òun fẹ́ ta orin tí òun fi fẹ́ ẹ. Ohun kan ṣoṣo tó ti béèrè láti ọdún kan nìyẹn. Kì í jẹun dáadáa, kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́, bí ẹni tó ti palẹ̀ ẹrù mọ́ tó ń dúró de ọkọ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Ìgbàyà gìtá náà sì ti ká, etí rẹ̀ ti ń gé e lọ́wọ́.

Anita ní, "Ẹ bá mi ṣe é kó dára. Kò dùn mọ́ mi kó jókòó síwájú àwọn ènìyàn pẹ̀lú ohun tó ti gbó báyìí."

Ìyá Kàúsárà yẹ ike náà wò. Kòtò kan wà lára rẹ̀, nísàlẹ̀ okùn tó tín-ín-rín jù, ó ń dán, awẹ́ ẹ̀pà kan lè jókòó sí i. Ó pòṣé, ó ń káàánú ohun tí ìlòkulò ti sọ dà báyìí. Ó kì í bọ omi gbígbóná kó lè tẹ́jú, kí òun lè fi í wọn igi, àmọ́ bó ti yà á sórí igi tán, ike náà fọ́ wẹ́wẹ́. Kò bà á nínú jẹ́, ìwọ̀n ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbá gbogbo rẹ̀ pọ̀ mọ́ èérún igi, ó sì dà á nù.

Ìrókò ló fi ṣe tuntun, ìrókò ara ilẹ̀kùn ilé àtijọ́ kan tí wọ́n wó ní Fante New Town, igi tó ti gbẹ kí wọ́n tó bí Anita. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi ṣe é. Ó fi eépín pa á, ó fi epo díẹ̀ ra á, ó dijú, ó fi àtàǹpàkò wọ́ ọ. Àtàǹpàkò rìn já. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó sọ fún Kìtán pé kó gbé e wò lójú oòrùn, ohun tí kì í ṣe.

Òun àti Kìtán ló gbé gìtá náà lọ sí Dichemso lọ́jọ́ Sunday, nígbà tí ó ku ọjọ́ mẹ́fà. Ọ̀pányìn jókòó sábẹ́ igi máńgòrò nínú àgbàlá, ó wọ fìlà, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú bàtà àtijọ́ tí wọ́n dán fún un. Anita gbé gìtá lé e lórí itan. Bàbá náà gbóòórùn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní igi ni. Ó wá gbé ọwọ́ ọ̀tún lé e. Ọmọńdinrín rẹ̀, ìka tó kéré jù, sọ̀ kalẹ̀ sára ìgbàyà, ó lọ síwájú, ó padà sẹ́yìn, ó tún lọ síwájú. Ó ta okùn kan, ó ṣì í. Ó ta òmíràn, ó tún ṣì í. Ó ń wá nǹkan, gbogbo wọn sì ń wò ó bó ṣe ń wá a, kò sì sí ẹni tó mọ ohun náà.

Ó ní, "Ta ló fọ̀ ọ́?"

Anita ní wọn kò fọ̀ ọ́, wọ́n pààrọ̀ ohun tó bàjẹ́ ni.

Ó ní, "Ɛnyɛ me deɛ." Kì í ṣe tèmi. Kò pariwo. Ó na gìtá náà síwájú títí ẹnìkan fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó dìde, ó fọwọ́ tọ ògiri wọlé. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti sọ fún Anita pé kó sọ fún ẹbí pé òun kò ní ta gìtá mọ́ ní Saturday. Anita kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń ká kúbùsù náà, ó ń tú u, ó tún ń ká a.

Lójú ọ̀nà, Kìtán ní, "Mà, iṣẹ́ yín ò lábùkù rárá. Àgbàlagbà ni wọ́n, yóò mọ́ wọn lára."

Ìyá Kàúsárà dáhùn ní Yorùbá, láìda Twi pọ̀ mọ́ ọn bó ti máa ń ṣe, ẹ sì ti mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. "Ẹnu rẹ dùn, Kìtán. Wọ́n ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Mo ti fá a kodoro. Mo tiẹ̀ fi ojú oòrùn yẹ orí ọ̀hún wò."

Ìtìjú mú un. Kì í ṣe ìtìjú níwájú Anita tàbí Kìtán, bí kò ṣe pé ó ti di ohun kan mú lọ́wọ́, ó sì ti pè é ní àbùkù. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà bàbá yìí ni wọ́n gbé wá fún un, òun sì gbá a dànù pẹ̀lú èérún igi, ó gbé aṣọ tuntun lé e lọ́wọ́, ó ń retí ọpẹ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ó dá lọ sí Dichemso. Ọ̀pányìn tún wà nídìí máńgòrò. Ó kúnlẹ̀, Ọ̀pányìn sì gbọ́ ìró aṣọ rẹ̀.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Agya. Èmi tí mo fọ̀ ọ́."

Bàbá náà ní, "Jókòó, Hajia. Ilẹ̀ tutù."

Ó jókòó, ó sì bẹ̀ ẹ́. Kò wá àwíjàre. Ó sọ bí ike náà ṣe fọ́, bí òun ṣe dà á nù, ó ní òun kò bi olórí léèrè kí òun tó fárí. Ó wá ní, "Ẹ sọ fún mi ohun tí mo gbé lọ lọ́wọ́ yín."

Ọ̀pányìn sọ fún un. Láti ìgbà ọ̀dọ́ ló ti máa ń fi ọmọńdinrín tilẹ̀ lára ìgbàyà bí àwọn ìka yòókù bá ń ta okùn. Ogójì ọdún ni ìka náà fi wà lójú kan, ó sì gbẹ́ ilé fún ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò mọ̀ pé kòtò wà níbẹ̀ àfi ìgbà tí ojú fọ́. Ìgbà náà ló wá di ẹnu ọ̀nà. Bí ìka bá ti wọ inú kòtò, ó ti mọ iye ẹsẹ̀ tó kù kó dé okùn kọ̀ọ̀kan. "Ní báyìí," ó ní, "mo dà bí ẹni tí wọ́n gbé sílẹ̀ láàárín pápá. Gbogbo ibi ló tẹ́jú, mi ò mọ ọ̀nà ilé."

Ìyá Kàúsárà ní òun yóò gbẹ́ kòtò náà padà, kó kàn fi ibi tó wà han òun. Wọ́n gbé gìtá náà jáde láti inú ilé, bàbá náà na ìka, ó fi í lélẹ̀, ó ní ó jọ pé ibí ni. Ó gbé e kúrò, ó tún fi í lélẹ̀. Ibòmíràn ni.

Ìgò tàdáà kékeré kan kì í wọ́n nínú báàgì Ìyá Kàúsárà, òun ló fi ń dán wàláà tuntun wò. Ó mú un jáde, ó ní kí bàbá jẹ́ kí òun fi kun ọmọńdinrín rẹ̀.

Ọ̀pányìn ní, "Ṣé o fẹ́ kọ́ ìka mi ní kéwú ni?"

"Ó ti dàgbà jù, Agya. Ọ̀gá ló ti jẹ́."

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó jẹ́ kó kùn ún. Ó ta gìtá, ó ń wá kòtò. Nígbà tó dúró, àmì dúdú mẹ́ta ló wà lára ìrókò náà, ọ̀kan jìnnà sí èkejì. Wọ́n nù ún, wọ́n tún un ṣe. Mẹ́rin ló jáde. Bó ṣe ń wá a tó ni ó ń sá fún un tó. Ara bẹ̀rẹ̀ sí í kan bàbá, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀.

Ìyá Kàúsárà fẹ́ fi í sílẹ̀ lóòótọ́. Kò mọ ohun tó tún kù. Kí ó má baà dìde lọ bí ẹni tó sá, ó kàn bi í ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni lè bi opó tàbí ẹni tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ó ní, "Báwo lẹ ṣe pàdé Ìyá Anita?"

Ọ̀pányìn ní Bekwai ni. Wọ́n lọ ta gìtá níbẹ̀, gbogbo ènìyàn ló ń jó, àfi ọmọbìnrin kan tó jókòó, tó ń wo òun bí ẹni tó ń wo olè. Nígbà tí wọ́n sinmi, òun lọ bá a pé kí ló dé tí kò jó. Ọmọbìnrin náà ní, "Okùn kẹta rẹ ń purọ́." Inú bí òun. Òun padà lọ gbọ́ okùn náà, òun sì rí i pé lóòótọ́ ni. "Nínú ọgọ́rùn-ún méjì ènìyàn, òun nìkan ló gbọ́ ọ. Hajia, kí lo fẹ́ kí n ṣe? Mo fẹ́ ẹ ni."

Bó ti ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ó ń ta okùn díẹ̀díẹ̀, bí ẹlòmíràn ṣe ń fọwọ́ yí tẹ̀sùbáà bó ti ń sọ̀rọ̀ lọ. Ó sọ bí òun ṣe kọ orin fún un, bí bàbá ọmọbìnrin náà ṣe ní òun kò fọmọ fún alágbe, bí ó ṣe jẹ́ pé nígbà tí ojú òun fọ́, Akosua ni yóò gbé àga kalẹ̀ nírọ̀lẹ́, tí yóò sọ okùn tí kò sọ òtítọ́ kó tó lọ dáná. Ó dákẹ́, ṣùgbọ́n gìtá kò dákẹ́, orin náà fúnra rẹ̀ ló ń jáde wẹ́rẹ́ láìsí ẹ̀rọ áńpù, bàbá kò sì mọ̀ pé òun ń ta á.

Ìyá Kàúsárà kò mira. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀, kò nù ún. Nígbà tí orin náà tán, ó tẹ̀ síwájú, ó wo ìgbàyà. Tàdáà náà wà lójú kan ṣoṣo, ó pọ̀, ó dúdú, ó fẹ̀ bí hóró àgbàdo kan.

Ó gbé gìtá náà padà lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kìtán ní kó fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó parí. Ó ní rárá, kòtò ọ̀bẹ máa ń ní etí, ìka bàbá yóò mọ̀ pé irin ló kọjá níbẹ̀. Ó wé ewé eépín mọ́ ọmọńdinrín tirẹ̀, ó fi í sójú àmì náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pa á. Bí ewé bá jẹ, á wé òmíràn. Ó pa á ní Tuesday, ó pa á ní Wednesday, ìrun nìkan ló ń dá a dúró. Ọwọ́ rẹ̀ kọ̀ fún un. Ẹ̀ẹ̀mejì ló rí i pé òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í dán ẹ̀gbẹ́ kòtò náà kó lè tẹ́jú, tí ó fi ní láti gbá ọwọ́ ara rẹ̀. Ìka náà bó, ó fi ọ̀já dì í, ó bá iṣẹ́ lọ. Nírọ̀lẹ́ Thursday, ó dijú, ó fi àtàǹpàkò wọ́ igi náà láti òkè. Àtàǹpàkò rìn, ó rìn, ó dúró. Ó ní, "Alhamdulillah."

Kò jẹ́ kí Ọ̀pányìn dán an wò. Anita bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó ní bí bàbá bá tún fi ọkàn wá a, yóò tún sọnù.

Ní Saturday, wọ́n ta àtíbàbà sójú pópó ní Dichemso, ẹbí wọ funfun àti dúdú. Ìyá Kàúsárà dúró lẹ́yìn pátápátá níbi tí àwọn àga ti tán, híjáàbù rẹ̀ dé àyà, ó pa ọwọ́ mọ́ kí ẹnikẹ́ni má baà rí ọ̀já. Gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láyé, wọn kì í ṣe wọ́n lójú èrò báyìí.

Anita kò sọ nǹkan kan fún bàbá rẹ̀. Ó kàn gbé àga kalẹ̀ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń gbé e, ó gbé gìtá lé e lórí itan, ó ní, "Agya, okùn kẹta ń purọ́." Ọ̀pányìn yí ojú sí ibi tí ohùn náà ti wá. Ó na ọwọ́ kó lọ gbọ́ okùn kẹta, ọmọńdinrín sì balẹ̀. Ó dúró síbẹ̀. Gbogbo èrò rí i bí èjìká bàbá náà ṣe sọ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́ta péré ló mọ ìdí rẹ̀.

Ó ta orin náà. Ó ta á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú ohùn tó ti há. Nígbà tó dé ibi tó ti dárúkọ Akosua Nyarko, àwọn arúgbó tó mọ obìnrin náà dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń ju áńkáṣíìfù sókè. Kìtán, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni gìtá, sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kò gbọ́ ẹnikẹ́ni kó ta á báyẹn rí.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Ọ̀pányìn ní kí wọ́n pe obìnrin tó fọ gìtá òun wá. Ìyá Kàúsárà wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Bàbá náà ṣì fi ìka sínú kòtò, ó ń yí i díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Hajia, kò tíì tó. Ó yẹ kó jìn díẹ̀ sí i, kó sì sún sápá òsì."

Ìyá Kàúsárà na ọwọ́ sí gìtá náà. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ, Agya. Ní Monday, mo ti bá yín ṣe é tán."

"Daabi, rárá o. Má fọwọ́ kàn án mọ́. Èmi fúnra mi ni n ó gbẹ́ ìyókù."

Anita, tó ń gbé omi kọjá, dúró lójijì. Ó ní, "Agya, kí lẹ sọ?"

"Mo ní èmi ni n ó gbẹ́ ìyókù. Bó bá gba ọdún mẹ́wàá, kó gbà á."

Láti ọdún kan, Anita kò gbọ́ kí bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ohun tó wà níwájú. Ó gbé omi náà sílẹ̀, ó ní kó tún un wí. Ó tún un wí fún un.